Ọwọ́ Tó Rán Ìdìmú

Enos Beddoe kó ìdìmú awọ méjì lé orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé, ó sì ṣí fìlà lórí. Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ni. Yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo gbogbo òrùlé ìlú Pendre, èéfín sì ń jáde lókè ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ìlú náà ń mí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé ọjọ́ òní kọ́ ló yẹ kéèyàn máa gbé iṣẹ́ wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rán ìwọ̀nyí mọ́ ṣòkòtò Gomer. Ọ̀kan ní ìbàdí ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Bí ẹ ṣe máa ń rán an náà ni."

Hannah Prosser kò wo awọ náà. Ọmọ rẹ̀ ni ó wò. Gomer ń wo inú ife tíì rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

"Morlais ńkọ́?" ni ìyá náà béèrè. Morlais ni ó ti ń gbé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Pendre láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ọdún náà.

"Ọmọlanke èédú gbá a lánàá nísàlẹ̀ kòtò ìwakùsà. Egungun èjìká rẹ̀ kán. Kò lè gbé ṣíbí débi ẹnu, ká má tíì sọ ti bọ́ọ̀lù." Enos ń yí fìlà náà po lọ́wọ́. Ọkùnrin gàgàrà ni, òun ni olórí ẹgbẹ́, ó sì lè fi èjìká ti ìbaaka kúrò lójú irin. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná yìí ó dà bí ọmọ tí olùkọ́ pè síwájú kíláàsì. "Kò sí ẹlòmíràn, Màmá. Ká sì sọ òótọ́, èmi kọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi pé òun yóò gbé e."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Gomer?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Omi tó wà lórí iná ń hó. Hannah fa ìdìmú méjèèjì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba àpótí abẹ́rẹ́.

"Lọ mú ṣòkòtò náà wá," ni ó wí. "Enos, jókòó kí o jẹ nǹkan. O ti rù jù fún ẹni tó ń kó ọkùnrin lẹ́yìn."

"Mo ti jẹun, Màmá. Ẹ ṣé." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó yíjú padà. "Ẹ jẹ́ kó le dáadáa o. Àwọn ará Stroudley kì í fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú èèyàn."

"Mo mọ bí ọwọ́ wọn ṣe rí," ni Hannah dáhùn.

Irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní àwọn àfonífojì Pennsylvania nígbà náà, kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a. Wọ́n ń gbé e mọ́ àyà bí ọmọ jòjòló ni, tí ẹni tó gbé e yóò sì máa wá ọ̀nà gba àárín àwọn ọkùnrin tó dúró dè é, títí yóò fi dé ìlà tó wà lẹ́yìn wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn a máa tì í. Àwọn tó wà níwájú a máa fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán ìdìmú mọ́ ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀, bí ọwọ́ ti ń wà lára àpótí arìnrìn-àjò, kí wọ́n lè rí ibi dì í mú, kí wọ́n sì wọ́ ọ kọjá lórí ọ̀tá. Wọn kì í dé àkẹtẹ̀ kankan. Irun wọn ni àṣíborí wọn. Láti àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni kò ti sí ọkùnrin ẹgbẹ́ tí yóò gbà kí abẹ kan orí òun, títí ìdíje ìkẹyìn yóò fi parí ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Nígbà náà ni àwọn ìyá àti àwọn aya yóò mú àlùmọ́gàjí, tí irun yóò sì bo ilẹ̀ ilé ìdáná kiri Pendre bí ewé ìgbà òtútù.

Hannah Prosser ni ó ń rán gbogbo ìdìmú ìlú náà. Òun ni ó ń rán aṣọ ìyàwó wọn, òun ni ó ń rán aṣọ òkú wọn, òun náà ni ó ń lẹ orúnkún ṣòkòtò àwọn awakùsà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ní Pendre: bí Hannah bá rán an, aṣọ ni yóò kọ́kọ́ ya kí ojú abẹ́rẹ́ tó tú.

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, ó sì tẹ́ ṣòkòtò Gomer sí orí itan. Gomer ń wò ó. Abẹ́rẹ́ náà kọ́kọ́ kọ̀, kò fẹ́ wọ awọ. Ìyá rẹ̀ fi òrùka onírin tó wà ní ìka rẹ̀ tì í, ó sì wọlé. Ó ń rán an láìsọ̀rọ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ìda oyin tó máa ń fi pa òwú kí ó lè lágbára wà lókè pẹpẹ níbi tó ń gbé. Ojú Gomer kan ìda náà, ó sì kúrò lára rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ilé náà.

Ọmọ méjì ni Hannah bí. Bàbá wọn ti wà lábẹ́ òkè láti ìgbà tí òrùlé kòtò ti wó lé e lórí, tí wọn kò sì rí i gbé jáde. Gomer ni àkọ́bí. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún; imú rẹ̀ ti kán, ó sì ti so padà bó ti wù ú; ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kì í ká mọ́. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, kò sí bọ́ọ̀lù ní Pendre. Olùkọ́ kan ló gbé eré náà wá láti ìlú ńlá, tó sì kọ́ wọn lórí pápá tí eruku èédú ti sọ di dúdú, pẹ̀lú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Gomer ni ẹni àkọ́kọ́ tó dì í mú tí kò jẹ́ kó bọ́. Ithel, àbúrò rẹ̀, ń wò ó láti ẹ̀bá ọgbà. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nígbà tí Ithel náà dàgbà, eré rẹ̀ kọjá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ fíofío, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù fún un. Iṣẹ́ Gomer wá di ìfà: kí ó máa lọ níwájú àbúrò rẹ̀, kí ó na ọwọ́ sẹ́yìn di ìdìmú rẹ̀ mú, kí ó máa wọ́ ọ gba àárín ènìyàn kọjá. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé bí Ithel bá jẹ́ òwú, Gomer ni abẹ́rẹ́.

Ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ọdún tó kọjá, Stroudley náà ni wọ́n ń bá ṣeré. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ithel gbé bọ́ọ̀lù dé ibi tí ènìyàn lè tutọ́ kan ìlà, àwọn ará Stroudley sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Gomer di ìdìmú. Gbogbo ìlú ń kígbe pé kó fà á. Ó fà á. Kò tíì fi gbogbo agbára rẹ̀ fa nǹkan kan rí láyé bí ó ti fà á lọ́jọ́ náà, títí kan òpó tó fi ti òrùlé kòtò lọ́jọ́ tí ó gba ara rẹ̀ là. Ó gbọ́ ìró kékeré kan, bí ìgbà tí igi gbígbẹ ṣẹ́ sábẹ́ yìnyín. Ithel kọjá ìlà. Wọ́n ka àmì náà fún Pendre, Pendre sì borí. Ọrùn Ithel ni ó dún. Kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sí inú pósí, Hannah gé irun rẹ̀ lórí pákó tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ lé, bí ó ti máa ń gé e lọ́dọọdún. Gomer lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi ọ̀bẹ gé tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ kò na ohunkóhun sí i láti ọwọ́ dé ọwọ́ mọ́. Bí ó bá gé búrẹ́dì, yóò gbé e sí orí tábìlì, yóò sì fa ọwọ́ padà sábẹ́ épírọ́ọ̀nù kí Gomer tó mú un. Bí ife tíì ni, orí tábìlì. Bí owó ọjà ni Gomer mú wá, yóò dúró títí yóò fi gbé e sílẹ̀. Kò bá a jà. Ohùn rẹ̀ kò le sí i rí. Ọwọ́ náà nìkan ni, tó ń sá lọ sábẹ́ aṣọ bí ẹyẹ tó rí ológbò. Gomer kò bá a wí lọ́kàn. Bí òun náà bá lè gbé ọwọ́ òun sí ibòmíràn, kí òun má máa rí i, òun ìbá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyá yóò ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tó fa ọmọ rẹ̀ ya?

Ní gbogbo ọdún yìí, ó ń ṣeré nínú ìlà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi èjìká ti ènìyàn, ṣùgbọ́n kò di ìdìmú ẹnikẹ́ni mú. Enos kò sì sọ pé kó ṣe é. Nígbà tí Gomer gbọ́ pé èjìká Morlais ti kán, ó dìde nídìí oúnjẹ, ó lọ sí ilé Enos. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n bí Pásítọ̀ bá bi í léèrè níwájú Bíbélì pé ṣé ó fẹ́ padà wálé ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ yìí, kò mọ ohun tí ìbá dáhùn. Ó rò pé ohun tó bá Ithel ní ẹ̀tọ́ láti wo òun náà lójú. Bí a bá ń sunkún, a ṣì ń ríran. Ó mọ̀ pé ìyá òun ti rí ìyẹn lójú òun láàárọ̀ yìí, nígbà tí ó béèrè pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni.

Hannah fi eyín já òwú. Ó gbé ṣòkòtò náà kọ́ ẹ̀yìn àga, ó sì fa ọwọ́ padà.

"Ó ti tán," ni ó wí.

"Ẹ ṣé, Màámi."

"Tòlótòló tí ẹ̀gbọ́n Enos fi ránṣẹ́ kéré, ṣùgbọ́n yóò tó wa. N ó gbé e sórí iná bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lù." Ó ń kó abẹ́rẹ́ padà sínú àpótí, kò wo ojú rẹ̀. "Tètè máa bọ̀. Mo ti pọ́n àlùmọ́gàjí."

Pápá náà wà láàárín òkìtì eruku èédú àti odò. Gbogbo Pendre wà níbẹ̀, gbogbo Stroudley sì ti gba orí afárá kọjá wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti ìgò. Hannah kò wá. Kò wá rí, àní nígbà tí Ithel wà láyé. Ó máa ń sọ pé ẹni tó rán aṣọ kò yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń fà á ya.

Ilẹ̀ ti dì láàárọ̀, ó ti yọ́ lọ́sàn-án, ó ti di ẹrẹ̀ tó ní eyín nínú. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo wọn fi dúdú, tí ènìyàn kò mọ ọ̀tá mọ́ bí kò ṣe nípa ohùn.

"Prosser," ni ọ̀kan nínú àwọn ará Stroudley kígbe láti inú ìlà wọn, "wọ́n ní ìwọ lo wá gbé e lónìí. Ta ni yóò fà ọ́? Ṣé o ṣì ní àbúrò nílé ni?"

Ẹ̀rín tẹ̀lé e, kò pọ̀. Kasper Lutz, alápatà ará Stroudley tí ọrùn rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, yíjú sí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà.

"Pa ẹnu rẹ dé," ni ó wí fún un. Ìyẹn nìkan. Òun ni ó di ẹsẹ̀ òsì Ithel mú lọ́dún tó kọjá. Gomer rí i pé kò lè wo òun lójú, ó sì yà á lẹ́nu pé òun kò kórìíra rẹ̀.

Stroudley kọ́kọ́ gba àmì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹrẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbá. Gomer gbé bọ́ọ̀lù, ó ṣubú. Ó gbé e, ó ṣubú. Kí ọwọ́ tó kan ìdìmú rẹ̀ ni ọ̀tá ti ń dá a lulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń sun láti etí rẹ̀. Inú orí rẹ̀ ń dún. Ó ń dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbànújẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí oòrùn kan ẹ̀yìn òkìtì èédú, wọ́n ti dé ibi tí wọ́n dé lọ́dún tó kọjá. Enos kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n fi orí kan orí, èémí wọn sì ń gòkè láàárín wọn.

"Kò sí àyè ìgbà mìíràn," ni Enos wí. "Gomer, ọ̀tún ni. Tẹ orí rẹ mọ́lẹ̀. Èmi ni n ó fà ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé o fẹ́ ká ṣe é lọ́nà mìíràn?"

"Fà mí, Enos."

Bọ́ọ̀lù dé àyà rẹ̀. Ó gbá a mọ́ra, ó sì wọ inú àwọn ènìyàn náà bí ẹni tó wọ inú kòtò. Èjìká kan gbá a, òmíràn gbá a. Ó rí ìlà náà, ẹfun tí ẹrẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Ọwọ́ kan di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, lẹ́yìn náà èkejì. Nígbà náà ni ó mọ̀ ọ́n lára pé Enos ti di ìdìmú ọ̀tún mú, ara rẹ̀ sì gbéra kúrò nílẹ̀.

"Fà á," ni gbogbo Pendre ń kígbe, "fà á, fà á," bí wọ́n ti kígbe rẹ̀ nígbà náà.

Ó wà láàárín ìfà méjì. Ó wá mọ ohun tí Ithel mọ̀ níkẹyìn, pé ara kì í dá ọwọ́ ọ̀rẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tá; ọ̀kan náà ni ìfà náà máa ń jẹ́ fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ọrùn rẹ̀ nà. Ó di ojú, ó sì ń retí ìró náà.

Ìró mìíràn ni ó gbọ́, ìró tó ti mọ̀ láti ìgbà ọmọdé, *tíríì*, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí a fa òwú jáde lára aṣọ. Enos fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbàgà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lókè, awọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gomer já lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbé sí orí ibùsùn. Ó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ kò kan ìlà. Rẹfirí fọn fèrè.

Ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ó ń mí. Ọwọ́ Kasper Lutz ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí fèrè tó dún tán.

Àwọn ará Stroudley bú sí orin. Àwọn ará Pendre kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, Enos dìde, ó gbé ìdìmú náà sókè, ó wò ó bí ẹni tó rí eyín ara rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó tú," ni ó wí. "Ìránṣọ Màmá Prosser ló tú yìí."

"Irọ́ ni," ni ẹnìkan wí.

"Gbà á, kí o fojú ara rẹ rí i."

Awọ náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Díákónì Caleb Voyle, bàbá arúgbó tó ń gbé àpótí ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbé e súnmọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì mi orí.

"Ojú Màmá ni," ni ó wí. "Ogbó ti dé bá wọn, ẹ má bínú sí wọn. N ó sọ fún ìyàwó mi kó wá ẹlòmíràn tí yóò rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wa, kó má lọ jẹ́ pé níwájú pẹpẹ ni ti òun náà yóò ti já." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Gomer, ó sì fi ọwọ́ kàn án léjìká. "Ó dùn mí, ọmọ mi. Lọ́dún tó kọjá yìí, níbi ìsìnkú àbúrò rẹ, èmi ni mo fi ṣòkòtò rẹ̀ lé ìyá rẹ lọ́wọ́. Mo ní, 'Ẹ wò ó, Màmá, aṣọ náà ya láti ìbàdí dé orúnkún, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ yín kan kò tú.' Mo fi tù wọ́n nínú ni. Mo rò pé yóò dùn mọ́ wọn."

"Kí ni wọ́n dá yín lóhùn?" ni Gomer béèrè.

Bàbá náà ronú. "Wọn kò dáhùn. Ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò."

Gomer gba ìdìmú náà. Ihò abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, òwú sì rọ̀ sí ihò kan. Ó na ọwọ́ sí ìbàdí òsì, ó fi ìka méjì fa èkejì, òun náà sì jáde wá bí ewé. Òwú kan ṣoṣo ni, kò sí ìda lára rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ jìnnà síra, ṣùgbọ́n wọ́n dọ́gba, wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní ìlà tó tọ́ bí ẹsẹ̀ orin nínú ìwé. Ojú tó ti ń lọ kò lè rán èyí. Irú èyí ni ìyá rẹ̀ máa ń fi so aṣọ ìyàwó pọ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ìyàwó lè wọ̀ ọ́ wò, kí ó tó rán an gan-an. Nígbà tí òun àti Ithel wà lọ́mọdé, iṣẹ́ tiwọn ni láti fa irú òwú bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n máa ń bá ara wọn du ú. Fífà kan, ó tán.

Nínú férémù kan lókè àdògán ilé wọn, lẹ́tà aláwọ̀ aró tí Hannah fúnra rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ kọ nígbà tó wà ní ọmọge sọ pé orúkọ rere sàn ju fàdákà òun wúrà lọ. Láti òní lọ, wọn yóò máa fi ìdìmú yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Pendre. Ìyá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń rán an. Gomer la ẹnu láti sọ pé ojú ìyá òun kò ní àrùn kankan. Ó rí gbogbo ojú tó ń wo òun, ó sì pa ẹnu dé. Ó kó ìdìmú méjèèjì sí àpò.

Enos bá a rìn dé ìdí afárá. "Ká ní kò tú ni," ni ó bẹ̀rẹ̀, inú ń bí i, "ká ní kò tú, à bá ti…" Ó wo ọrùn Gomer. Odò ń lọ nísàlẹ̀ wọn, Enos sì wí nígbẹ̀yìn pé, "Bá mi kí Màmá."

Fìtílà ti ń jó nílé nígbà tó wọlé. Tòlótòló náà ń ta sánsán lórí iná. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, aṣọ funfun lórí rẹ̀, àlùmọ́gàjí lórí aṣọ. Hannah dúró nídìí tábìlì. Ọrùn Gomer ni ó kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú rẹ̀.

"O ti dé."

"Mo ti dé, Màámi."

"Ṣé ẹ borí?"

"A ò borí."

"Ẹnikẹ́ni fara pa?"

"Kò sẹ́ni tó fara pa."

Ó mi orí. Gomer kó ìdìmú méjèèjì jáde, ó tò wọ́n sí orí tábìlì níbi tí Enos tò wọ́n sí láàárọ̀. Hannah wò wọ́n, kò sì fọwọ́ kàn wọ́n.

"Díákónì Voyle ní ojú yín ti ń lọ," ni Gomer wí. "Ó ní àwọn yóò wá ẹlòmíràn rán aṣọ ìgbéyàwó."

"Bóyá òótọ́ ni Caleb sọ. Ọjọ́ orí kì í gbàgbé ilé ẹnikẹ́ni."

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Má sọ nǹkan kan. Jókòó, kí n gé irun yìí. O dà bí ẹni tí wọ́n hú jáde nílẹ̀."

Ó jókòó. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ funfun náà bò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí. Irun ń já bọ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ọrùn, àlùmọ́gàjí náà dúró. Ìka rẹ̀ kan awọ ara Gomer, ó tutù díẹ̀, ó ń ti orí egungun kan bọ́ sí òmíràn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí aṣọ ti ya.

"Òwú méjì ni mo lò fún ti Ithel," ni ó wí lẹ́yìn rẹ̀. "Mo lọ́ wọn pọ̀. Mo sì fi ìda pa á, mo tún pa á. Ó ní kí n jẹ́ kó le dáadáa."

Iná ń jó nínú àdògán. Gomer wo ọwọ́ méjèèjì tó gbé lé orí itan ara rẹ̀.

"Èmi ni mo fà á, Màámi."

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí."

Àlùmọ́gàjí náà tún bẹ̀rẹ̀. Gomer ń wo tábìlì, ó ń wo ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbé búrẹ́dì sílẹ̀ láti ọdún kan. Ó ń rántí ọwọ́ tó ń sá lọ sábẹ́ épírọ́ọ̀nù, àti bí ó ti rò pé òun mọ ohun tí ọwọ́ náà ń sá fún.

Nígbà tí Hannah parí, ó gbọn aṣọ funfun náà sí ẹnu ọ̀nà, ó padà wá, ó sì gé búrẹ́dì. Ó gé e nípọn, bí Ithel ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tó gbàgbé ibi tó yẹ kó gbé e sí. Gomer na ọwọ́ tirẹ̀, ọwọ́ òsì tí ìka rẹ̀ kì í ká. Ó dúró dè é. Hannah gbé búrẹ́dì náà lé e ní àtẹ́lẹwọ́, kò sì tètè fa ọwọ́ padà.